CHUKWU, ALÁGA TÍ KÒ JÓKÒÓ

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́dún yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa wí nínú ara wọn pé, "Kí ni ti bọ́ọ̀lù nínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ oríkì sì ni. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ kí á yin ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ojú rí.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Bí agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ iwájú bá gbá góòlù wọlé, gbogbo ayé ni ó rí i. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, wọn a kọ ìṣẹ́jú tí ó gbá a wọlé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ orúkọ ẹni tí kò jẹ́ kí góòlù wọlé? Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn, òdo ni. Bí ó bá ṣe é dójú àmì, òdo ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ àwọn ọ̀tá, òdo kò sì ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Mo mọ èyí dáadáa nítorí pé ẹ̀yìn ni èmi náà ń gbá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Lọ́dún tí ó kọjá a borí àwọn ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, 1–0. Ẹni tí ó gbá góòlù náà wọlé, orí èjìká ni ó gbà dé họ́ọ̀lù. Èmi tí mo tẹ̀lé àwọn iwájú wọn kiri bí ẹní tẹ̀lé onígbèsè, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi. N kò bínú o. Bí ó ti rí ni mo ń sọ.

Bí ó ti rí ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní àdúgbò wa ní Ṣàngó. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó ti Mọ́kọ́lá wá, tí ó gba Ṣàngó kọjá lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, yóò mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ gbalasa kan tí àwọn ọmọdé kì í sọ di pápá, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ọjà, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ojú ilé ti délẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, olúkúlùkù ni yóò máa kígbe orúkọ ẹni tí òun jẹ́: èyí a ní Osimhen ni òun, èyí a ní Lookman ni òun. Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé, "Ta ni yóò gbá báàkì?", ariwo a dákẹ́. Ọmọ tí kò bá ní bàtà, tàbí èyí tí ó sanra, tàbí àbúrò ẹni tí ó ni bọ́ọ̀lù, òun ni wọn yóò tì sẹ́yìn. N kò tí ì gbọ́ kí ọmọ kan ní Ṣàngó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Chukwu.

Christian Chukwu ni mo ń wí. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ó papò dà, ní ẹni ọdún 74. Òun ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rangers ti Énúgù, òun ni balógun Green Eagles, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sókè gẹ́gẹ́ bí balógun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí ó ṣòro láti sọ: ọ̀tá wa ni. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ilé Shooting Stars ni. Ní ilé náà, ènìyàn lè yí ẹ̀sìn padà kí wọ́n sì tún bá a jẹun nínú àwo kan náà, ṣùgbọ́n a kò tí ì rí ẹni tí ó fi Shooting sílẹ̀ kí a mọ ohun tí wọn yóò fi ojú rẹ̀ rí. Bàbá wa àgbà, bàbá tí ó bí bàbá mi, ni olórí ẹ̀sìn náà. Lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Chukwu, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò dárúkọ náà pẹ̀lú ìbínú. Ó dárúkọ rẹ̀ bí a ti ń dárúkọ jagunjagun ìlú mìíràn tí ó ti lé baba ńlá ẹni sá rí.

Kí á tó lè mọ ohun tí Rangers jẹ́, a ní láti rántí ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún náà ni Rangers bẹ̀rẹ̀ ní Énúgù. Ọmọ ọdún 19 ni Chukwu nígbà náà. Ẹ ro ó wò: àwọn ènìyàn tí ebi ti pa, tí ilé ti wó mọ́, tí wọ́n ti sin òkú tí kò níye, bọ́ọ̀lù wà lára ohun tí wọ́n fi tún pàdé àwọn ará Nàìjíríà ìyókù láìmú ìbọn lọ́wọ́. Kì í ṣe eré lásán fún wọn. Ní ọdún 1974 wọ́n gba ife líìgì, wọ́n tún gba Challenge Cup mọ́ ọn. Ní 1975 wọ́n tún gba méjèèjì. Ní ọdún 1975 kan náà wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní ilẹ̀ Áfíríkà, Hafia ti ìlú Conakry ni ó dá wọn dúró níbẹ̀. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí ọdún mẹ́fà ó tó pé sí ìgbà tí ìbọn dákẹ́.

Ìbàdàn náà kò sùn. Ní ọdún 1976, IICC Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé 4–1 ní pápá Liberty, góòlù kan tí wọ́n jẹ ní Yaoundé kò sì lè gba ife náà lọ́wọ́ wọn mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan tí ó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Segun Odegbami wà níbẹ̀, Muda Lawal wà níbẹ̀. Sam Ojebode, tí ó jẹ́ balógun wọn, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Odegbami àti Muda ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàdàn kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ rí ohun tí mo ń wí.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ojú kojú. Ní 1977, nínú ìdíje kan náà, Rangers àti Shooting pàdé nígbà tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré. Ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú ọmọ Nàìjíríà, Ìbàdàn pẹ̀lú Énúgù, ọdún méje lẹ́yìn ogun. Èkó ni wọ́n ti gbá àkọ́kọ́: òmì, 0–0. Kàdúná ni wọ́n gbé ẹ̀ẹ̀kejì lọ, kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Énúgù: òmì, 0–0. Pẹnáritì ni wọ́n fi là wọ́n, Rangers sì borí.

Bàbá Àgbà kò lọ sí Kàdúná. Ó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ṣàngó ni àwọn jókòó sí, àwọn bí ogún yí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì kan ká, télọ̀ náà sì dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì nítorí kí ariwo rẹ̀ má baà dí wọn lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ni ó rántí. Mo rò pé pẹnáritì ni yóò sọ. Ó ní rárá. Ó ní ohun tí òun rántí ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ Odegbami, gbogbo àwọn yóò dìde. Kí àwọn tó dìde tán, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò yóò ti dárúkọ Chukwu, àwọn yóò sì tún jókòó. "A dìde, a jókòó, a dìde, a jókòó," ni ó wí, "àfi bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni a wà." Ó ní nígbà tí ó parí, kò sí ẹni tí ó bú ẹnikẹ́ni. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù sì wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Òun kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á kà á. Ìdíje méjì, ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú ó kéré tán, àti Odegbami, àti Muda Lawal, àwọn tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní ọdún kan ṣáájú, kò sì sí góòlù kan. Emmanuel Okala, ọkùnrin gíga bí ọ̀pẹ, ni ó ń ṣọ́lé fún Rangers, n kò ní gba ti ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé a máa rí ìyìn tirẹ̀ gbà. Bí ó bá fò, gbogbo ènìyàn ni ó rí i pé ó fò. Ti balógun tí ó wà níwájú aṣọ́lé ni ó ṣòro. Bí ó bá ti dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró, bọ́ọ̀lù kò ní gba ibẹ̀ mọ́ rárá, a kò sì ní rí ohunkóhun tí a ó pàtẹ́wọ́ sí. Rangers kọjá lọ sí àṣekágbá, wọ́n sì gba ife náà lọ́wọ́ Canon ti Yaoundé. Ife tí ó wà ní Ìbàdàn ṣí lọ sí Énúgù.

Ní kíláàsì oríkì ni mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ yìí jù. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé ẹni tí ó ṣe nǹkan ni oríkì ń kì: ẹni tí ó jagun, ẹni tí ó lọ́mọ, ẹni tí ó lówó, ẹni tí ó pa ẹkùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn tí a wà nínú rẹ̀ yìí, nínú ohun tí ó fi ń yangàn jù lọ, dídá ẹlòmíràn dúró wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ní Òṣogbo, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń bọ̀ wá, tí wọ́n fẹ́ kọjá lọ sínú ilẹ̀ Yorùbá tí ó kù, Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ àti àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ni ó dá wọn dúró. Ìlú tí wọn kò jẹ́ kí ogun dé, kò sí ẹni tí ó mọ iye rẹ̀. Àwọn tí ì bá kú níbẹ̀ kò kú, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn. Òdo náà ni. Àwọn àgbà wa rí i, wọn kò sì ka òdo yẹn sí aláìníláárí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí òwe yẹn ń yìn ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Orí ọmọ kò wọ́. Ta ni ó máa ń yípadà wo orí tí kò wọ́?

Ẹni tí ó yípadà wò ó fún Chukwu ni Ernest Okonkwo, ọkùnrin tí ó máa ń sọ bí eré bọ́ọ̀lù ti ń lọ lórí rédíò, tí ó kú ní ọdún 1990. Akéwì ni ọkùnrin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kéwì. Òun ni ó sọ Odegbami ní "Mathematical", nítorí bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Òun ni ó sì sọ Chukwu ní "Chairman". Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Okonkwo, pápá ni ó wò. N kò mọ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ti ronú láti fi àwọn orúkọ wọ̀nyí kọ àpilẹ̀kọ. Bí kò bá sí, mo ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lé e o.

Alága. Ní èdè tiwa, ẹni tí ó ni àga ni alága, ẹni tí ó jókòó tí àwọn yòókù ń wo ẹnu rẹ̀. Chukwu kò jókòó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bàbá Àgbà rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ háyà bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Sùúrùlérè ní Èkó, láti wo àṣekágbá Nàìjíríà pẹ̀lú Àlgéríà. Ó ní lọ́jọ́ náà òun kò wo bọ́ọ̀lù púpọ̀. Ọwọ́ Chukwu ni òun ń wò. Bí ó bá na ọwọ́ síhìn-ín, ẹnì kan yóò sún. Bí ó bá na ọwọ́ sọ́hùn-ún, ẹlòmíràn yóò padà sẹ́yìn. Ó ní bí àgbẹ̀ tí ó ń pín ebè fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ yẹn sì dùn létí ará Ìbàdàn ní ọ̀nà mìíràn. Ta ni aṣọ́lé tí ó wà lẹ́yìn Chukwu? Best Ogedegbe, ọmọ Shooting. Ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn? Tunde Bamidele, ọmọ Shooting. Ta ni ó gbá góòlù wọlé? Odegbami gbá méjì, Muda Lawal gbá ẹyọ kan, Nàìjíríà 3, Àlgéríà 0. Àwọn tí kò jẹ́ kí ara wọn mí ní Kàdúná ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n wá so pọ̀ mọ́ra bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí 3 yẹn. Àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà náà lè sọ ìṣẹ́jú tí Odegbami gbá àkọ́kọ́ wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo 0 tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdíje márùn-ún ni Nàìjíríà gbá nínú ìdíje ọdún náà: Tànsáníà 3–1, Ivory Coast 0–0, Íjíbítì 1–0, Mòrókò 1–0, Àlgéríà 3–0. Góòlù kan ṣoṣo ni ó wọlé wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni ó sì wọlé. Lẹ́yìn ti Tànsáníà, ilẹ̀kùn ti. Wọ́n yan Chukwu ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú ìdíje náà, nítorí náà ó dàbí ẹni pé ní ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹnì kan ka òdo.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ó kú, mo gbìyànjú láti kì í. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, n kì í ṣe asunrárà, ẹ má fi ojú akọrin wò mí:

Chukwu, Alága tí kì í lo àga,
Ìnàró ni ó fi ń ṣe ìpàdé.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó ilé,
Àlejò tí a kò pè kò gbọdọ̀ wọlé.
Ará Énúgù tí ó ti ọmọ Ìbàdàn mọ́ ìta,
Tí ó tún di ọmọ ìyá rẹ̀ ní Sùúrùlérè.
Ẹ má bi í léèrè iye tí ó gbá wọlé,
Ẹ bi í léèrè iye tí ó dá padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kà á ní ìlà karùn-ún kò bójú mu, pé kí ni mo ń fi ìtìjú wa kọrin sí. Mo ní kí ó lọ ka oríkì àwọn ìdílé wa dáadáa. Oríkì kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ báyẹn.

Ohun kan tún wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni Nàìjíríà ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà: 1980, 1994 àti 2013. Ní 1980, Chukwu ni ó gba ife náà lọ́wọ́ wọn. Ní 1994 ní Tunis, Stephen Keshi ni. Ní 2013 ní Johannesburg, Joseph Yobo ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbá. Òótọ́ ni pé Yobo kò pẹ́ lórí pápá ní ọjọ́ àṣekágbá tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni balógun. A ti ní Yekini, a ti ní Okocha, a ti ní Kanu, wọ́n sì ju gbogbo ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Síbẹ̀ nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ta ni kí á fi ilé lé lọ́wọ́, ẹni tí ó wà lẹ́yìn, tí ó ń rí gbogbo wọn láti ẹ̀yìn, ni wọ́n yàn. Keshi tilẹ̀ tún padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó gba ife ti 2013. Ọ̀nà tí Chukwu là ni ó tọ̀.

Ti iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Chukwu fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2004 ní Tùnísíà, òun ni ó kó Super Eagles lọ, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ní àárín ìdíje náà ó lé àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá mẹ́ta kúrò ní ibùdó nítorí ìwà àìgbọràn, Celestine Babayaro, Yakubu Aiyegbeni àti Victor Agali, ó sì fi àwọn tí ó kù na Gúúsù Áfíríkà 4–0. Alága ni lóòótọ́. Ní 2005, lẹ́yìn tí àwa àti Àǹgólà ta òmì ní Kánò nínú ìdíje láti lọ sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹgólà ni ó lọ sí Jámánì ní 2006. Àwọn kan kò dárí èyí jì í títí ó fi kú. Èmi rò pé a máa ń yára gbàgbé òdo, a sì máa ń pẹ́ kí á tó gbàgbé òmì.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ìròyìn jáde pé Chukwu ń ṣàìsàn, pé owó ìtọ́jú kò sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbada bẹ ọmọ Nàìjíríà kiri. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dọ́là ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó gbé ife sókè níwájú ààrẹ ni wọ́n ń tọrọ owó ilé ìwòsàn fún! Femi Otedola, oníṣòwò epo, ni ó dìde tí ó ní òun yóò san án, ọkùnrin náà sì lọ sí Ìlú Ọba lọ gba ìtọ́jú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Otedola láìfi dúdú pe funfun. Ṣùgbọ́n orí ire ni èyí. Yisa Sofoluwe kò ní irú orí ire bẹ́ẹ̀. Ọmọ tiwa ni Sofoluwe, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní "Dean of Defence", tí ó bá Nàìjíríà dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1984 àti 1988. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ owó fún òun náà, ó sì kú ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2021, ní ẹni ọdún 53. Mo wò ó títí: àwọn ẹni tí kò jẹ́ kí nǹkan burúkú wọlé wá bá wa, nígbà tí nǹkan burúkú wá wọlé tọ̀ wọ́n, ta ni ó dúró sẹ́nu ọ̀nà?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìròyìn ikú Chukwu dé. Ọkùnrin Ìgbò kan wà ní òdìkejì títì wa ní Ṣàngó tí ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, Bàbá Ngozi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà níbẹ̀, Yorùbá Ìbàdàn ni ó ń sọ, àwọn oníbàárà tuntun kì í sì í mọ̀ pé Énúgù ni ó ti wá àyàfi bí ó bá ń bínú. Òun ni alátakò Bàbá Àgbà nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí Shooting àti Rangers bá fẹ́ pàdé, a kì í rán ọmọ lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àgbà ní kí n bá òun mú ọ̀pá òun wá. Ẹni ọdún 81 ni, kì í sábà sọdá títì mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn ọlọ́kadà dúró fún un. Bàbá Ngozi rí wa lókèèrè, ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni Bàbá Àgbà wí. "Mo gbọ́ pé Alága ti lọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ wá o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ó nu àga kan fún un, ó sì bu omi tútù wá. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ngozi ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun nígbà tí Rangers gbé ife dé ní 1977, àti pé bàbá òun, tí ogun ti gba ẹ̀gbọ́n òun méjì lọ́wọ́ rẹ̀, jáde sí títì ní Énúgù lọ́jọ́ náà, ó sì ń jó. Ó ní òun kò rí i kí ó jó rí ṣáájú ọjọ́ náà, òun kò sì rí i lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ó mi orí. Ó ní, "Ó yẹ kí ó jó." Ó mu omi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹ́ kí á gbá ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ní Ìbàdàn ni, Odegbami ì bá ti gbá a wọlé."

"Ta ni?" Bàbá Ngozi ti dìde dúró. "Kí Odegbami gba iwájú Chukwu kọjá? Bàbá, ẹ má bínú o, ibo ni ì bá gbà?"

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ fọ aṣọ. Nígbà tí mo padà lọ mú Bàbá ní aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n ti tan iná ṣọ́ọ̀bù, omi ti di ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì ti dé ibi pẹnáritì.